Kí Àyẹ̀wò Ṣáájú Abẹ́rẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Agbára Ọkùnrin Tí Ó Ń Dín Kù

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlera ìdílé, ìtọ́jú aboyún, ọmú fífún ọmọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó sábà máa ń gba iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n baba ilé wà lára ìdílé pẹ̀lú, àìsàn kan sì wà tí ó máa ń bá ọkùnrin jà ní ìkọ̀kọ̀, tí ó jẹ́ pé ìyàwó ni ó máa ń kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀. Àìsàn náà ni kí testosterone má tó nínú ara. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra oògùn tàbí abẹ́rẹ́ sí i láìṣe àyẹ̀wò. Bí tọkọtaya bá sì ń wá ọmọ, abẹ́rẹ́ tí wọ́n rò pé yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ lè jẹ́ ohun náà gan-an tí yóò dí ọ̀nà ọmọ mọ́ wọn.

Kí ni testosterone? Èròjà kan ni tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri. Kórópọ̀n ọkùnrin ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà ní abẹ́ ọpọlọ, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, òun ni ó ń pàṣẹ fún kórópọ̀n pé kí ó ṣiṣẹ́ tàbí kí ó dẹwọ́. Testosterone ni ó ń mú kí ohùn ọmọkùnrin ki, kí irùngbọ̀n rẹ̀ hù, kí iṣan rẹ̀ gbó, kí egungun rẹ̀ le, kí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ sì wà lára rẹ̀. Obìnrin náà ní díẹ̀ nínú rẹ̀.

Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, testosterone rẹ̀ a máa dín kù díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 lọ́dọọdún láti nǹkan bí ọmọ ọdún 30 sí 40. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ó di àìsàn nígbà tí ó bá lọ sílẹ̀ jù tí àmì rẹ̀ sì hàn: ọkùnrin kò ní ìfẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ mọ́, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kì í dìde ní ìdájí bí ó ti máa ń ṣe, ó ń rẹ̀ ẹ́ bí ó tilẹ̀ sùn dáadáa, iṣan rẹ̀ ń joro bí ikùn rẹ̀ ti ń yọ, irun ara rẹ̀ ń dín kù, ọmú rẹ̀ lè wú, inú rẹ̀ kì í dùn, ó sì ń kanra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi àmì kan ṣoṣo dájọ́. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó àti àìróorun sùn lè fa díẹ̀ nínú wọn.

Ibí yìí ni ìjà ti máa ń wọ ilé. Ìyàwó yóò ní ọkọ òun ti ní obìnrin níta. Ọkọ yóò ní ìyàwó òun ni kò fi òun lọ́kàn balẹ̀. Ẹbí yóò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí ó yé jẹ ohun dídùn. Ẹlòmíràn yóò ní ọwọ́ ayé ni. Láti ibẹ̀ ni yóò ti di àgúnmu, páráàga, àti abẹ́rẹ́ tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn láìsí ìwé dókítà. A kò kẹ́gàn ewé àti egbò tí àwọn bàbá wa ń lò. Ohun tí a ń sọ ni pé a kò lè wo àrùn tí a kò tíì mọ̀. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni a sì ti bá oògùn òyìnbó tí a pò pamọ́ sínú oògùn tí a ní ewé lásán ni, èyí tí ó lè pa ẹni tí ó ń lo irú àwọn oògùn ọkàn kan.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ ti abẹ́rẹ́ náà gan-an. Bí testosterone bá ti ìta wọlé, ẹ̀yà ara kékeré abẹ́ ọpọlọ yóò rò pé iṣẹ́ ti pé, kò sì ní pàṣẹ fún kórópọ̀n mọ́. Kórópọ̀n yóò dẹwọ́, yóò súnkì, kòkòrò inú àtọ̀ tí ń di ọmọ yóò sì dín kù tàbí kí ó tán. Ní 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè 7. Mílígírámù 200 testosterone ni a ń gún fún àwọn ọkùnrin tí ara wọn dá, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti mọ̀ bóyá ọkùnrin lè fi ṣe ìfètòsọ́mọbíbí. Nínú tọkọtaya 157 tí wọ́n gbára lé abẹ́rẹ́ náà nìkan lẹ́yìn tí kòkòrò àtọ̀ ọkọ ti tán, oyún 1 péré ni ó wáyé. Ẹ kíyè sí i: ohun tí a dánwò láti dá ọmọ dúró ni àwọn kan ń rà láti fi wá ọmọ! Bí a bá dá abẹ́rẹ́ náà dúró, kòkòrò àtọ̀ a sábà máa padà, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù mẹ́fà, ó sì lè tó ọdún méjì. Fún obìnrin tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 35, ọdún méjì kì í ṣe ohun kékeré.

Kí ni ó yẹ kí a ṣe? Kí ọkọ lọ sí ilé ìwòsàn kí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àárọ̀, ṣáájú aago mẹ́wàá, nítorí àárọ̀ ni testosterone máa ń pọ̀ jù. Kí a tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn, nítorí àyẹ̀wò kan kò tó. Bí èsì méjèèjì bá wà ní ìsàlẹ̀ 300 ng/dL, tí àmì sì wà, dókítà yóò wá ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìsanrajù tàbí àtọ̀gbẹ; ó lè jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde; ó lè jẹ́ kókó ní abẹ́ ọpọlọ; ó sì lè jẹ́ tramadol tàbí omi ikọ́ oní-codeine, nítorí àwọn méjèèjì ń dín testosterone kù bí a bá ń lò wọ́n lemọ́lemọ́. Ní 2018 ni Ìjọba Àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ náà àti kíkó o wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ́ lára nílò ìtọ́jú, kì í ṣe èébú.

Nígbà mìíràn, èsì yóò fi hàn pé testosterone pé pérépéré, pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ni ó ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ tí nǹkan ọkùnrin kò fi dìde. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí ìkìlọ̀ ni ó lè jẹ́ kí àrùn ọkàn tó dé. Bí ó bá sì jẹ́ sísanra ni ó fà á, kí ọkọ dín òkèlè àti ọtí kù kí ó sì máa rìn, testosterone rẹ̀ lè gòkè láìsí oògùn. Ẹni tí ó nílò testosterone lóòótọ́ yóò gbà á lábẹ́ ojú dókítà, tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó má ki jù. Ẹni tí ó ń wá ọmọ yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, nítorí oògùn mìíràn wà tí ń jí kórópọ̀n dípò kí ó mú un sùn. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń fi pa ara ni wọ́n fún un, kí ó fọ ọwọ́, kí ó sì fi aṣọ bo ibẹ̀, kí ó má baà ran ìyàwó àti ọmọ; ní 2009 ni ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a kọ ìkìlọ̀ yìí sára rẹ̀ gbàgàdà.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin kì í ṣe ohun tí ìyàwó ń dá sí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nínú àìrọ́mọbí, ti ọkùnrin wà níbẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì. Èé ṣe tí obìnrin nìkan yóò fi máa wọ ilé ìwòsàn? Ẹ má ṣe sọ ọ́ níwájú ọmọ tàbí ẹbí, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìgbà tí ọkàn balẹ̀, ẹ wí pé: “Baba Tádé, ó ń rẹ̀ yín jù láti ìjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wa wò.” Ẹnu ọ̀nà nìyẹn, dókítà yóò bá a sọ èyí tí ó kù.

Ẹ̀yin ìyá ọmọkùnrin, ọwọ́ yín ni ìṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń wẹ ọmọ, ẹ wò ó bóyá kórópọ̀n rẹ̀ méjèèjì ti sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá pé oṣù 6 tí ọ̀kan kò tíì sọ̀, ẹ gbé e lọ fún dókítà. Kò yẹ kí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kọjá oṣù 18. Bí ìrora òjijì bá sì mú ọmọkùnrin ní kórópọ̀n, ẹ má ṣe fi òróró pa á, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ó lè jẹ́ pé ó lọ́ pọ̀. Láàrín wákàtí 6 ni a lè gbà á là jù.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kí baálé yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó na apá fún abẹ́rẹ́, kí ìyàwó sì bá a lọ.