Oorun Ọmọ Tó Ń Tọ́jú Òbí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ṣì ń ṣẹ nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹbí béèrè iye wákàtí tí ọmọ náà ń sùn lóru.

Ẹ wo òṣìṣẹ́ tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Kó tó di aago 5 ìdájí ló ti ní láti jáde nílé nítorí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀. Ó sì lè di aago 9 alẹ́ kó tó padà. Bí ìyá rẹ̀ bá wá ní àrùn ìgbàgbé, òru ni iṣẹ́ kejì ń bẹ̀rẹ̀. Àrùn yìí a máa da ọ̀sán àti òru rú mọ́ aláìsàn lójú: ìyá lè dìde láago 2 òru, kó ní òun ń lọ sọ́jà.

Àwọn onímọ̀ ìlera gbà pé, ó kéré tán, wákàtí 7 ló yẹ kí àgbàlagbà máa sùn lóru. Àìsùn tó pẹ́ a máa fi kún ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ìwádìí sì ti fi hàn pé ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tó ti mutí díẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ nídìí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà mọ ìsinmi ọdún, ti àìsàn àti ti ìbímọ; kò mọ ti ìtọ́jú òbí. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹbí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò di dandan kí agbanisíṣẹ́ sanwó rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin Nàìjíríà náà ronú sí i.

Kí òfin tó dé, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọbìnrin kan tàbí ìyàwó ilé kan ṣoṣo ni gbogbo òru ń já lé léjìká. Àwọn yòókù a fi owó ránṣẹ́ láti Àbújá tàbí Lọ́ńdọ̀nù, wọn a sì pè láàárọ̀ láti béèrè bí Màmá ṣe jí. Owó náà wúlò, àmọ́ owó kì í dìde lóru. Kí wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ gba ẹni tí yóò máa bá wọn ṣọ́ òru méjì lọ́sẹ̀. Kí àwọn tó wà nítòsí pín òpin ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn. Bó bá sì jẹ́ ìtọ̀ ló ń jí Bàbá lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, kí wọ́n bi dókítà bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò lálẹ́ ló fà á, àti bóyá ó ṣeé lò láàárọ̀.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọmọ tí àìsùn bá dá wó yóò di aláìsàn kejì nínú ilé, òbí náà yóò sì pàdánù olùtọ́jú rẹ̀.