Kọ́kọ́rọ́ Kejì Ni Ẹlẹ́rìí

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sójú ìwé wa lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kọ́kọ́rọ́ kékeré yìí ti gbé owó ọmọ ẹgbẹ́ mì níṣojú mi, tèmi sì wà níbẹ̀.

N kò ní fi èrò mi pamọ́. Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́ láti fi ra ọkọ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ìyá yìí tún dé!" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ tó bá mi jiyàn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja létí òkun, mo ti da yìnyín lé e lórí nínú kúlà, a sì ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀. Mile 2 là ń lọ. Àbúrò mi tó máa ń bá mi wa ọkọ̀ jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń sítáàtì rẹ̀. Ọkọ̀ kò dáhùn. Àwòrán kọ́kọ́rọ́ kan yọ níwájú rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkọ̀ tó gbé wa lọ tó gbé wa bọ̀ lánàá, ó ní òun kò mọ̀ wá rí.

A pe réwáyà kan. Kò béèrè kọ́kọ́rọ́ rárá. Ó tú abẹ́ ibi tí síárìn wà, ó gé wáyà kan, ó gé òmíràn mọ́ ọn, ó wá ní "bréènbọ́ọ̀sì" ọkọ̀ ti jóná, kí a lọ wá owó wá. Oòrùn ń ga, yìnyín ń yọ́. Nígbà tó máa di ọ̀sán, òórùn ẹja ti ń ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé nǹkan ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ọmọkùnrin kan tó ń kọjá lọ ló dọ̀bálẹ̀ kí mi, tó ní: "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ti pààrọ̀ bátìrì inú kọ́kọ́rọ́ yìí rí?" Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé bátìrì máa ń wà nínú kọ́kọ́rọ́ ni?" Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, ó ní kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó wá fi kọ́kọ́rọ́ náà kan bọ́tìnnì ọkọ̀. Ọkọ̀ dún pín-ín. Ó mọ̀ wá! Ṣùgbọ́n kò lè sítáàtì mọ́, nítorí àwọn wáyà tí a ti gé.

Ọjọ́ méjì gbáko la fi tún wáyà tí kò ní àrùn kankan tẹ́lẹ̀ ṣe. Bátìrì tó fa gbogbo rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó owó ẹja kan nínú kúlà yẹn. Owó tó yẹ kí n san padà fún ẹgbẹ́ lóṣù náà, ẹja tó jẹrà ló gbé e lọ. Akápò wa mọ bí mo ṣe bẹ̀bẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Láyé ọkọ̀ àtijọ́, irin lásán ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ti rí irin tó bá ihò mu, tàbí tó mọ wáyà méjì so pọ̀, á gbé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ ni. Olè wá pọ̀ jù. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1998, òfin ti fi dandan lé e ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti láwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú ìṣọ̀kan wọn, pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bí kò bá mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ìpè àti ìdáhùn ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ á béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Kọ́kọ́rọ́ á dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ àṣírí tó jẹ́ tàwọn méjèèjì nìkan. Bí orúkọ náà bá pé, ọkọ̀ á jí. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ní òun kò mọ kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣe é bí ẹni tí a pè lọ́jà tí kò jẹ́. Bóyá ariwo ló pọ̀. Bóyá ohùn ẹni tó ń dáhùn ló ti rẹlẹ̀. Tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó ń pè gan-an ni kò lókun mọ́.

Èkíní ni ariwo. Ẹ mú fóònù àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mìíràn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú agolo owó tàbí àárín irin, nítorí irin a máa dí ohùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìtòsí òpó gíga àwọn elétẹlifóònù tàbí ti rédíò lẹ gbé ọkọ̀ sí, ẹ sún kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọkọ̀ dáadáa kí ẹ tún gbìyànjú.

Èkejì ni ohùn kọ́kọ́rọ́. Bátìrì rẹ̀ pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, fóòtì mẹ́ta péré ni agbára rẹ̀. Àmì wà tó máa ń fún wa kó tó kú: ibi tí ẹ ti máa ń dúró lókèèrè tẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí, ẹ kò ní lè dúró síbẹ̀ mọ́, ẹ ó ní láti máa sún mọ́ tòsí. Ẹ má fojú fo àmì yìí. Bó bá sì kú pátápátá, ẹ má bẹ̀rù. Nínú ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, irin kékeré kan wà tí ẹ lè fà yọ láti fi ṣí ilẹ̀kùn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníbọ́tìnnì, títí kan àwọn Toyota tó pọ̀ lójú títì wa, bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ kan bọ́tìnnì, ọkọ̀ á mọ̀ ọ́n. Ìdí ni pé ẹ̀rọ kan wà nínú kọ́kọ́rọ́ tí kò nílò bátìrì. Ara ọkọ̀ ló ti ń gba agbára. Bí ọkọ̀ bá ṣiṣẹ́ báyìí, a ti mọ àrùn: bátìrì kọ́kọ́rọ́ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́. CR2032 fẹ̀ tó mìlímítà 20, ó nípọn tó 3.2. CR2025 fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n 2.5 ni nínípọn tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò fi ọ̀kan rọ́pò èkejì fún yín. Àwa tí a wà létí òkun yìí ní láti ṣọ́ra sí i. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ àti omi ẹja tó ń kán sínú àpò ìdí wa máa ń jẹ́ kí irin tó di bátìrì mú dógùn-ún. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ má sì ju bátìrì àtijọ́ sílẹ̀ níbi tí ọmọ kékeré wà. Bí ọmọ bá gbé e mì tó há sí i lọ́fun, láàárín wákàtí méjì péré ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun náà. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni o!

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí iná inú ọkọ̀ bá ṣókùnkùn, tí fèrè rẹ̀ ń ké bí ẹni tí ebi ń pa, bátìrì ńlá ti rẹ̀. Ẹ wo orí bátìrì náà, bóyá ohun funfun tàbí àwọ̀ ewé ti hu síbẹ̀, bóyá kò fún mọ́. Bí gbogbo èyí bá dára, ìgbà náà ló tó kan ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò.

Ẹ ó wá bi mí pé, níbo ni kọ́kọ́rọ́ kejì ti bọ́ sí i? Ẹlẹ́rìí ni. Bí kọ́kọ́rọ́ kìíní bá kọ̀ tí èkejì gbà, ọkọ̀ kò jẹ̀bi, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan wáyà. Bí méjèèjì bá kọ̀, ọkọ̀ ni kí ẹ kọjú sí. Ẹjọ́ ìṣẹ́jú kan ni, a kò sì san kọ́bọ̀. Ká ní mo ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́jọ́ yẹn ni, ẹja mi ì bá dé Mile 2.

Tèmi tilẹ̀ sàn. Ọ̀kan nínú wa fi owó ẹ̀yáwó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ oníkọ́kọ́rọ́ kan. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gberefu, ló bá bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́, kọ́kọ́rọ́ já bọ́ sínú ọ̀sà. Ẹ wo ìyàtọ̀: bí kọ́kọ́rọ́ kan bá ṣì wà láàyè, oníṣẹ́ lè lò ó láti fi tuntun han ọkọ̀. Bí kò bá sí ọ̀kankan, wọ́n á fa ọkọ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti gbòǹgbò. Iṣẹ́ náà á le, owó rẹ̀ á sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ jókòó, èlé ń rìn. Nígbà tó yá, ìyá tó ṣe onídùúró fún un, tí kò gun ọkọ̀ náà rí lọ́jọ́ kan, ni a ń yọ lára owó ìfipamọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ nìkan?

Àwọn kan á ní, "Tòkunbọ̀ wo ló ń ní kọ́kọ́rọ́ méjì?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti ibi tí wọ́n ti lu wọ́n ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, kódà Seme tiwa níbí. Èbúté ni kí wọ́n gbà wọlé. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kọjá lọ́wọ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi ń pariwo. Ẹ yọ owó kọ́kọ́rọ́ kejì nínú iye tí ẹ fẹ́ san nígbà tí ẹ bá ń ná an. Bí kò bá ṣeé yọ, kí ẹgbẹ́ kà á mọ́ owó ẹ̀yáwó, kí wọ́n sì ṣe é kí ọ̀kan tó wà tó sọnù. Bí olùtà bá ní èkejì wà nílé, ẹ di díẹ̀ mú nínú owó rẹ̀ títí yóò fi mú un wá. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín tó wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, kọ́kọ́rọ́ olè ni. Ẹ ní kí oníṣẹ́ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ọkọ̀.

Ẹ má sì lọ fi ojú lásán ra àlòkù kọ́kọ́rọ́ ní Ládípò. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń sọ̀rọ̀ lórí megahertz 315, ti Yúróòpù lórí 433. Wọ́n lè jọra bí ìbejì, kí wọ́n má gbọ́ èdè ara wọn. Ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ oníbọ́tìnnì tó ti bá ọkọ̀ kan mulẹ̀ kò sì ní gba òmíràn mọ́.

N kò bú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ o. Àwọn tó mọ iṣẹ́ pọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó mú ohun èlò: "Ṣé o ti wo kọ́kọ́rọ́?" Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fọwọ́ sí ní ìpàdé gbogbogbòò kò pọ̀. Kí ẹni tó fẹ́ yáwó ra ọkọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ méjì wá, kí a sì fi ìkọ̀ọ̀kan wọn sítáàtì ọkọ̀ níṣojú ìgbìmọ̀ àti onídùúró. Kí èkejì wà nílé níbi gbígbẹ, kí ó má wà ní ìdì kan náà pẹ̀lú èkíní, torí ọ̀sà tó bá gbé ọ̀kan á gbé méjèèjì. Ẹni tó bá ní èrò tó sàn ju èyí lọ, kó mú un wá, etí mi là sílẹ̀.

Owó wa kì í ṣe owó ọ̀fẹ́. Òógùn wa ni. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi owó ẹja ra ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kejì.