Ẹ Ní Gbogbo Ìlú Ti Gbọ́? Irọ́ Ni

Láìpẹ́ yìí ni ẹnì kan gbé pósítà ibà Lassa sórí gúrúùpù WhatsApp àdúgbò wa ní Ijapo, ní Àkúrẹ́. Pósítà náà dára lójú: àwòrán eku, àwòrán ìkòkò tí wọ́n fi ọmọrí dé, Gẹ̀ẹ́sì tó já geere. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, "Ẹ ṣé o" àti "Ọlọ́run á pa wá mọ́" ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni ẹnì kan bá fi ìpolówó ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo pàdé ọ̀kan nínú àwọn àgbà àdúgbò, mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ eku yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sá láfún sétí títì. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "A ti gbé e sórí WhatsApp. Ta ni kò ní fóònù láyé ìsinsìnyí?"

Ìgbàgbọ́ yẹn ni mo wá bá jà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba, lẹ́nu pásítọ̀, lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó kàwé: pé nígbà tí fóònù ti dọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, ẹni tó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ ìlera sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kéde fún ìlú, kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá kan ń ta láfún nítòsí géètì wa. Ó ní fóònù. Ó fi ń gba ìpè, ó fi ń tan iná bí NEPA bá múná lọ. WhatsApp ni kò sí lórí rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa Lassa.

"Dádì, mo gbọ́ lórí rédíò pé eku ni. Ṣùgbọ́n eku wo? Ti inú ilé, àbí èyí tí a ń pa jẹ? Mi ò rẹ́ni bi."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà. Ìdáhùn ń bẹ: eku tó ń wọlé wá jẹ oúnjẹ wa ni, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń ba oúnjẹ jẹ́, ẹni tó bá sì mú un pa jẹ náà ń fikú ṣeré. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ láti sọ fún un. Pósítà ò lè sọ ọ́, torí pósítà ò létí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tí Lassa ń yọ lẹ́nu jù ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ tó wà nítòsí wa níbí sì ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àwọn tó bá kó o.

Ẹnì kan á ní mo kórìíra fóònù. Èmi? Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí gan-an ló ti fi fóònù ṣe ohun tí àlejò ti òkèèrè wá wò. Lábẹ́ ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò, tó gorí àléfà ní 2009, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ wo ohun tó ń pa aláboyún, wọ́n rí i pé ìdádúró ni: kí obìnrin tó pinnu láti lọ sílé ìwòsàn, kí ó tó débẹ̀, kí wọ́n tó dá a lóhùn níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tó tóbi jù bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wọn. Ni wọ́n bá fún aláboyún tó forúkọ sílẹ̀ ní fóònù, kí òun fúnra rẹ̀ lè máa pe òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n yàn fún un, ẹni tí wọ́n ń pè ní Health Ranger. Òṣìṣẹ́ yìí mọ ilé rẹ̀, ó mọ oṣù tí oyún rẹ̀ wà, ó sì lè gun ọ̀kadà lọ bá a. Lẹ́yìn òṣìṣẹ́ náà, ilé ìwòsàn wà: Mother and Child Hospital ti Àkúrẹ́ ṣílẹ̀kùn ní 2010, ti ìlú Oǹdó tẹ̀ lé e. Ẹ fún obìnrin ní fóònù láìsí ẹni tí yóò gbé ìpè rẹ̀, tọ́ọ́ṣì lẹ fún un.

Ibi tí fóònù ò sì dé, wọn ò tan ara wọn jẹ. Ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ṣì ń lọ. Wọ́n wá dá ètò Agbẹ̀bíyè sílẹ̀, wọ́n ń fún agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tó bá darí aláboyún wá sílé ìwòsàn lówó. Ẹnu tí obìnrin náà ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Ebola. Ẹ ò ní gbàgbé òru ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 2014. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè mí láti Oǹdó kí àkùkọ tó kọ: "Dìde! Fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí o sì mu díẹ̀ níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Ebola má bàa mú ọ!" Mo wẹ̀. Èmi tí mo kàwé, mo wẹ̀. Ní Jos, ìròyìn ní ẹni méjì kú nítorí iyọ̀ àmujù, àwọn mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn. Kí ló dé tí irọ́ náà fi wọlé tó bẹ́ẹ̀? Ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gbé e wá. Irọ́ lo fóònù bí fóònù: ẹnì kan pe ẹnì kan, ó sì dúró gbọ́ èsì. Ìjọba lo tirẹ̀ bíi pátákó ìpolówó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Twitter ló lé Ebola lọ. Aláìsàn kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer ló gbé e wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn, àrùn náà ló sì pa obìnrin akọni yẹn. Lásìkò yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ wá nǹkan bí 894 ènìyàn tó ti fara kan àwọn aláìsàn, wọ́n sì lọ bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú, ó tó ìgbà 18,500. Fóònù ni wọ́n fi ń jábọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni 20 ló kó o, 8 kú, nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Wọ́n á ní WhatsApp kò náni lówó. Ta ni kò ná lówó? Ẹni tó fẹ́ ka pósítà yín ló ń ra dátà. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ lẹ sì kọ́lé sí: Twitter ni NCDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí àjàkálẹ̀ àrùn, ti ń ka iye ẹni tó kó COVID fún wa lálaalẹ́, àfi bí ìjọba àpapọ̀ ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022, tí àrùn náà ò sì tíì lọ. Ọ̀nà mìíràn sì wà: ní Gúúsù Áfíríkà, ètò MomConnect tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2014 fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí aláboyún lédè tirẹ̀, lórí fóònù tọ́ọ́ṣì pàápàá, aláboyún náà sì lè béèrè ọ̀rọ̀ padà, kó sì fẹjọ́ nọ́ọ̀sì sùn.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ijapo ò pọ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ àrùn sórí gúrúùpù, kó rìn dé géètì, kó sọ ọ́ lédè Yorùbá fún ọlọ́dẹ, fún oníláfún, fún ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń pọn omi, kó sì dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa bi í. Ọ́fíìsì tó bá tẹ pósítà, kó fi ènìyàn sídìí tẹlifóònù.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo tún ṣí pósítà náà, mo fi ìka fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ojú fóònù. Àmì ọ́fíìsì tó tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀, ti àwọn onígbọ̀wọ́ wà níbẹ̀, orúkọ ọ̀gá wọn pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo wá nọ́ńbà tí ìyá oníláfún lè pè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò rí i.