Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ṣeré

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ní ilẹ̀ wa ni ó gbà pé ọmọ tí ó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ti kẹ̀yìn sí ìwé. Bí ọmọ bá ti pápá dé pẹ̀lú eruku lára, pàṣán ni a fi ń kí i káàbọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin, a ó tún ní eré sísá kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ìfẹ́ ọmọ ni ó ń ti irú òbí bẹ́ẹ̀, a kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èrò wọn kò tọ̀nà.

Eré kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀kọ́. Kí ilé-ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, ojú agbo ìjàkadì àti eré òṣùpá ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti í ṣubú kí a sì dìde, àti bí a ti í bá ẹgbẹ́ ẹni lò. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú kéde ní 2020 pé ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò eré tí ń mú ara gbóná fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́.

Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní 1997. Olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé bàbá òun kò kọ́kọ́ fẹ́ eré sísá náà rárá, pé ìyá òun ni ó ń ti òun lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ náà ni ó gbé e dé Yunifásítì Texas ní El Paso, ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, 2022, ní ìlú Eugene, ó sá eré 100 mítà tí a fi ń fo ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Títí di ọjọ́ náà, kò sí obìnrin tí àkọsílẹ̀ àgbáyé fi hàn pé ó yára tó bẹ́ẹ̀. Bí ìyá pẹ̀lú bá ti kọ̀, ta ni ì bá gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Àṣìṣe kejì wà tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn òbí kan wà tí ó sọ ọmọ di oko owó. Wọn a mú un kúrò ní ilé-ìwé, wọn a gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù, wọn a sì ta ilẹ̀ fún ẹni tí ó ní òun yóò mú un dé Yúróòpù. Kí ni irú òbí bẹ́ẹ̀ fi kọ́ ọmọ bí kò ṣe irọ́? Láti ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 2009, ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ yẹ egungun ọrùn-ọwọ́ wò. Egungun kò mọ irọ́ pa.

Kí wá ni kí òbí ṣe? Kí ó bi ọmọ léèrè irú eré tí ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́. Kí ó ya wákàtí ìwé sọ́tọ̀, kí ó ya ti eré sọ́tọ̀, kí ọ̀kan má ṣe jẹ èkejì run. Kí ó rí i pé ọmọ jẹun, ó mu omi, ó sì sùn tó. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ pa, kí ó sinmi títí yóò fi san. Kí òbí mọ ẹni tí ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní eré, kí ó sì dé pápá lọ wò wọ́n, láìbú adájọ́, láìbú ọmọ tí ó pàdánù. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí kò gba owó. Àkókò ni wọ́n gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi ìṣirò gba wákàtí eré mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Níbi tí ẹnikẹ́ni bá sì ti fẹ́ fi pápá ilé-ìwé kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dìde, kí wọ́n kọ̀ ọ́.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ní ẹsẹ̀, òbí ní làákàyè. Ẹ jẹ́ kí a fi làákàyè náà tọ́ ẹsẹ̀ wọn sọ́nà. Kí a má ṣe fi dè wọ́n mọ́lẹ̀, kí a má sì fi tà wọ́n.