Ìtàn Ni Ti Gbogbo Wa, Ìwé Ni Ti Ẹni Tí Ó Kọ Ọ́

Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ da odindi ìwé kọ láti tà á ní ọ̀pọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọn fi ń gbèjà ara wọn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá sì ti ń bá wọn sọ ọ́: wọ́n ní ìmọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan, nítorí náà kò sí olè níbẹ̀. Irọ́ tí a fi òtítọ́ díẹ̀ bò lára ni.

Òtítọ́ inú rẹ̀ ni pé òfin kò fi èrò lásán fún ẹnikẹ́ni. Bí 20 ọmọ Ìdànrè bá gun òkè wa, tí olúkúlùkù sì kọ ìwé nípa ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, èyí tí àwọn baba wa sọ pé ó ń bá gbogbo ẹsẹ̀ mu àfi ti àjẹ́, ta ni yóò pe ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́jọ́? Lẹ́yìn tí Amos Tutuola tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952, àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé inú ìwé D. O. Fágúnwà ni ó ti mú un, nítorí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde láti 1938. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni iwin? Ta ni ó ni ọdẹ àti igbó? Àwọn ìyá àgbà ti ń fi wọ́n pàlọ́ kí a tó bí àwọn méjèèjì. Lóòótọ́, òfin wa kò fẹ́ kí a fi àlọ́ ìran kan ṣòwò láìgbàṣẹ, ṣùgbọ́n ó gba òǹkọ̀wé láàyè láti yá nínú rẹ̀ fi dá iṣẹ́ tirẹ̀.

Gbólóhùn Fágúnwà kì í ṣe ti ìyá àgbà. Òun ni ó tò wọ́n. Ohun tí òfin ń ṣọ́ gan-an nìyẹn, ní gbogbo ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé àti 70 ọdún lẹ́yìn ọdún ikú rẹ̀. Àṣẹ láti túmọ̀ ìwé náà sí èdè mìíràn pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ọdún 2022 kò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má da ìwọ̀nba kọ fún ẹ̀kọ́ ara rẹ̀. Odindi ìwé, tí a dì jọ fún títà, ọ̀ràn mìíràn ni.

Àwa tí kòkó sọ di ènìyàn ní Ìdànrè kò lè ní a kò mọ èyí. Òjò ni ti gbogbo ayé. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ oko olóko, tí ó ká kòkó rẹ̀, tí ó ní òjò Ọlọ́run ni ó mú un so, ṣé a óò yìn ín ni, àbí a óò fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́? Nígbà tí ẹ bá tún bá ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú lórí àtẹ, ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè: èló ni yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́?