Àwòrán Ta Ni Ó Wà Lára Owó Yìí?

Nígbà tí àwọn Farisí fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó orí mú Jésù, Olúwa wa kò tètè dá wọn lóhùn. Ó ní kí wọ́n fi owó kan han òun, ó sì béèrè ẹni tí ó ni àwòrán àti orúkọ tí ń bẹ lára rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ fi ń dá a mọ̀ títí di òní: wọn a wo àwòrán, wọn a ka lẹ́tà, kí wọn tó díye lé e.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé fàdákà Tiberius ni owó ọjọ́ náà, ẹni tí ó jọba Róòmù láti ọdún 14 sí 37. Kò tó giramu 4. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ kúrú sí i lára: TI CAESAR DIVI AVG F AVGVSTVS. TI ni Tiberius. F ni filius, èyíinì ni ọmọ. V dúró fún U. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Tiberius Késárì Augustus, ọmọ Augustus tí a sọ di òrìṣà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn Gíríìkì: òwìwí àti lẹ́tà mẹ́ta, ΑΘΕ, fi hàn pé owó ìlú Áténì ni.

Ó ṣòro kí a rí owó Késárì nínú àpótí ìyá àgbà ní Sanson, ṣùgbọ́n a lè rí ìbátan rẹ̀. Oníní àti kọ́bọ̀ onihò àtijọ́ ti Nàìjíríà, tí ó ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, ń sọ èdè Látìn náà: GEORGIVS V REX ET IND: IMP:, Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, ọba, àti olú-ọba Íńdíà. Fàdákà fráǹkì 5 ti Fàránsé lè ní NAPOLEON III EMPEREUR. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọdún nìkan dájọ́. Fàdákà Maria Theresa ti Austria, tí àwọn oníṣòwò aṣálẹ̀ Sàhárà ń ná láyé àtijọ́, ọdún 1780 tí ọbabìnrin náà kú ni ó wà lára rẹ̀, bí a tilẹ̀ rọ ọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú irú fàdákà bẹ́ẹ̀ ti wọ iná. Alágbẹ̀dẹ a wọ̀n ọ́n, a san owó ìwọ̀n, a yọ́ ọ di yẹtí. Orúkọ ọba lọ, ìtàn ìyá tí ó fi ṣòwò lọ pẹ̀lú.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí i, ẹ má fi iyanrìn, eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ojú owó tí a bá ti ha kò ṣeé dá padà, iye rẹ̀ a sì wálẹ̀. Etí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Ẹ wọ̀n ọ́n: fàdákà fráǹkì 5 a máa tó giramu 25, bí ó bá fúyẹ́ púpọ̀, tàbí tí òòfà bá fà á, ẹ fura sí i. Ẹ pe ọmọ ilé-ìwé kí ó da lẹ́tà ara rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ìyá àgbà léèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti gbà á, kí ọmọ náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà lè sọ orúkọ ọba fún wa. Ìyá àgbà nìkan ni ó lè sọ ohun tí ó fẹ́ fi owó náà rà.