Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Orúkọ Ìdílé Yín, Ẹ Wo Ilé Kútì n'Ígbẹ̀ìn

Ẹ ṣí abala ìpolówó ìwé ìròyìn èyíkéyìí, ẹ ó rí wọn níbẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Ògúnbíyìí tẹ́lẹ̀ ní Olúbíyìí lòun ń jẹ́ báyìí, Fágbèmí ti di Jésùgbèmí, kí báńkì àti gbogbo aráàlú ṣàkíyèsí. Òfin ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ìwé ìbúra ní kóòtù, ìpolówó nínú ìwé ìròyìn, ó parí. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìwé ìbúra yẹn kì í sọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ tí wọ́n jù nù, kì í sì í sọ agboolé tó ti wá.

Orúkọ ìdílé gan-an ò tíì pẹ́ láàárín wa. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, orúkọ tirẹ̀ ni kálukú ń jẹ́. Wọ́n á ní ọmọ lágbájá ni, láti agboolé báyìí. Oríkì á sọ ìyókù. Àwọn Sàró tó padà wálé láti Freetown ló gbé Thomas àti Williams dé. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ wá ń béèrè orúkọ bàbá, bí orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo ṣe di ti gbogbo àtọmọdọ́mọ rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbẹ̀ìn ni wọ́n ti bí Josiah Jesse ní 1855. Likoye Kútì ni bàbá rẹ̀. Ó di àlùfáà, ó sì fi Ransome kún orúkọ rẹ̀ nítorí òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ṣe é lóore. (Òun ló lọ kọ orin Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922.) Ọmọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun, ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School, jẹ́ Ransome-Kútì. Ó fẹ́ Fúnmiláyọ̀, tí orúkọ ilé tirẹ̀ jẹ́ Thomas. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Fẹlá ọmọ wọn ní orúkọ ẹrú ni Ransome, ó jù ú nù, ó mú Aníkúlápò. Ìyá rẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Olikoye tó ṣe mínísítà ètò ìlera, àti Bẹ́kọ̀, ò fi Ransome sílẹ̀. Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá kan náà o!

Mi ò bá Fẹlá jà. Mojọlá Agbebi ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní 1894, nígbà tó bọ́ David Brown Vincent kúrò lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé Fẹlá ò fọwọ́ kan Kútì. Okùn tó so wọ́n mọ́ Ìgbẹ̀ìn nìyẹn. Orúkọ bàbá Josiah gan-an ni Olikoye ń jẹ́.

Àwọn tí okùn tiwọn já ń wá a lónìí. Orúkọ èèyàn tó lé ní 91,000 tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, látinú ìwé tí wọ́n kọ ní Freetown àti Havana. Orúkọ àbísọ ló wà níbẹ̀, bí ó ṣe dún létí akọ̀wé. Èwo nínú wọn ló wá di Thomas? Ìwé náà kì í sábà sọ.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìtàn lásán nìyí, kó lọ sí kóòtù lórí ilẹ̀ ẹbí. Láti ìgbà ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn ìdílé sì ni àkọ́kọ́. Ẹ ó sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, bó ṣe ṣe é, àti àwọn tó gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí tó fi kàn yín, láìfo ẹnikẹ́ni. Lọ́yà tó dojú kọ yín á kàn béèrè ni: “Ògúnbíyìí lẹ ní ó ni ilẹ̀, kí ló wá kan Olúbíyìí níbẹ̀?”

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ orúkọ, kó kọ́kọ́ gbé fóònù lọ bá àgbà tó kù nílé, kó gba ohùn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó ní kí lọ́yà òun fi ìpínrọ̀ kan sí i nínú ìwé ìbúra: orúkọ àtijọ́, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, ìlú àti agboolé rẹ̀, àti àwọn ọmọ tó bí. Ìpínrọ̀ kan péré ni.